Àwọn Tí Ń Fi Ọwọ́ Dárà Nínú Ilé

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé ka iwájú yín lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó oṣù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti àwọn tí ó jẹ gbèsè owó ìsìnkú; àwọn yẹn ní ojú ewé tiwọn lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ yàrá tí ó wà ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa ni. Gbogbo yín ni ẹ mọ yàrá náà. Àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán, aṣọ àsíá tí eku ti jẹ, àti àgbá omi kan tí ń jò ni ó wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ìpàdé tí ó kọjá, apá kan nínú wa ní kí a yá a fún oníṣòwò kan tí ó fẹ́ máa kó àlùbọ́sà sí i. Apá kejì ní kí a fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa, àti fún àwọn àgbà pàápàá, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ẹ̀rọ àti ohun èlò nínú ilé, kí wọ́n lè ní ibi tí wọn yóò ti máa pàdé, tí wọn yóò sì máa fi ohun tí wọ́n ṣe han ara wọn. Ọ̀rọ̀ náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi rí i parí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní ìpàdé tí ń bọ̀ ni a óò dìbò sí i. Kí ọjọ́ náà tó pé, ó yẹ kí àwa olóòtú sọ ibi tí ọkàn wa wà.

Kí a má fi ọ̀rọ̀ sínú, a wà lẹ́yìn àwọn tí ó fẹ́ kí yàrá náà di ilé iṣẹ́ ọwọ́. Owó ìyáàlò dára, ẹgbẹ́ kò sì lè gbé lórí afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ bá wa wo irú ènìyàn tí ó wà láàárín wa. Bàbá kan wà nínú ẹ̀ka yìí tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, tí ó fi férémù kẹ̀kẹ́ àti ẹ̀rọ ata àtijọ́ ṣe ohun tí ìyàwó rẹ̀ fi ń lọ ata nígbà tí kò bá sí iná. Ẹsẹ̀ ni a fi ń wà á bí ẹni gun kẹ̀kẹ́. Ìyá kan wà tí ó fi rímù ọkọ̀ àti fáànù kékeré inú kọ̀ǹpútà tí ó ti kú ṣe àdògán kan, èédú díẹ̀ ni ó sì fi ń se ìkòkò ẹ̀wà kan jinná. Ọmọkùnrin kan wà tí kò tíì pé ọdún 15, tí ó tú rédíò bàbá rẹ̀ palẹ̀, tí bàbá sì fi ẹgba nà án dáadáa. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ó dá rédíò náà padà sórí tábìlì, ohùn rẹ̀ sì já gaara ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá náà kò tíì bẹ ọmọ náà títí di òní. (Ó mọ ara rẹ̀, yóò sì ka ìwé yìí.) Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé àdúgbò kan náà, ọ̀kan kò sì mọ ohun tí èkejì ń ṣe, àfi ìgbà tí àwa bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè kiri nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

A ó gba Onitsha kọjá kí a tó padà sí gbọ̀ngàn tiwa, bí ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé ọ̀nà náà jìn. Ẹni tí ó bá gòkè láti etí Odò Ọya ní Onitsha, tí ó fi ọjà ńlá sílẹ̀ lẹ́yìn, yóò dé àdúgbò tí àwọn òyìnbó sọ ní Inland Town, tí àwọn onílùú fúnra wọn ń pè ní Enu Onitsha. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ onílẹ̀ wà, ibẹ̀ sì ni ààfin Obi wà. Ìsàlẹ̀ létí odò, tí wọ́n ń pè ní Otu, ni ibi ọjà àti ibi àlejò. Àwa Yorùbá kì í ṣe àjèjì sí ìlú náà. Ní 1857 ni Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, bá ọkọ̀ ojú omi gòkè odò dé ibẹ̀, tí ó sì fi J. C. Taylor sílẹ̀ láti dá ìjọ, ẹni tí a bí ní Sàró láti inú àwọn òbí tí ó jẹ́ Igbo. Bákan náà, Nnamdi Azikiwe, ọmọ Onitsha tí gbogbo ayé mọ̀, Zungeru ní Òkè Ọya níbí ni a ti bí i ní 1904, nígbà tí bàbá rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé níbẹ̀. Ọmọ àtìpó ni, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ wa ti jẹ́. Ó gbọ́ Hausa, ó gbọ́ Igbo, ó sì gbọ́ Yorùbá.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, àwọn ọmọbìnrin 5 láti ilé-ẹ̀kọ́ Regina Pacis ní Onitsha lọ sí California ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gba ipò kìíní fún ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wọn nínú ìdíje àgbáyé tí a ń pè ní Technovation. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin fúnra wọn ṣe fún lílò lórí fóònù ni wọ́n ń fi díje níbẹ̀. FD-Detector ni wọ́n sọ tiwọn: a óò fi fóònù ka àmì onílà tí ó wà lára páálí oògùn, yóò sì sọ bóyá ojúlówó ni oògùn náà tàbí ayédèrú. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà àti ti China wà lára àwọn tí wọ́n fi sẹ́yìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ibi tí ọgbọ́n náà ti yọ. Onitsha ni ọ̀kan nínú àwọn ọjà oògùn tí ó tóbi jù lọ ní Nàìjíríà wà, ọjà tí àjọ NAFDAC tì pa ní 2007, tí ó sì tún tì pa ní 2025, nítorí ayédèrú oògùn. Ohun tí ń dun ilé wọn gan-an ni àwọn ọmọ náà fi ọwọ́ kàn. A sì rò pé ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn. Obìnrin kan wà tí ó mọ iṣẹ́ náà, tí ó sì gbà láti kọ́ wọn. Wọ́n rí ibi jókòó sí, wọ́n rí ẹni bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì wà ní márùn-ún. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dá wà nínú yàrá ìyá rẹ̀ pẹ̀lú fóònù tí iboju rẹ̀ ti fọ́ ni, ta ni ìbá gbọ́ orúkọ wọn?

Ìtàn àgbègbè yẹn kò bẹ̀rẹ̀ ní 2018. Nígbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ́ sílẹ̀ ní 1967, tí a sì dí ọ̀nà òkun àti ti ilẹ̀ mọ́ Biafra, àwọn olùkọ́ Yunifásítì Nsukka, àwọn ẹnjiníà, àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn mẹkáníìkì kó ara wọn jọ sí abẹ́ ohun tí wọ́n pè ní Research and Production. Wọ́n fọ epo rọ̀bì nínú àgbá àti páìpù tí wọ́n fúnra wọn jó pọ̀. Wọ́n fi irin bo lọ́rì láti fi jagun, wọ́n sì ṣe bọ́ǹbù tí wọ́n sọ ní ogbunigwe. A kò kọ èyí láti yin ogun, nítorí Onitsha fúnra rẹ̀ lè sọ ohun tí ogun jẹ́: ní oṣù kẹwàá 1967 ni àwọn ọmọ ogun Biafra fọ́ afárá Odò Ọya tí ó so ìlú náà mọ́ Asaba, afárá tí kò tíì lo ọdún 2 láti ìgbà tí a parí rẹ̀, ní oṣù kẹta 1968 ni ìlú náà bọ́ sí ọwọ́ ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀, ọjà ńlá rẹ̀ pàápàá sì parun nínú ogun náà. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni pé àwọn tí ó ṣe nǹkan wọ̀nyí kì í ṣe iwin. Olùkọ́ tí ó mọ ìwé ni, àti alágbẹ̀dẹ tí ó mọ irin. Kí ogun tó dé, wọn kì í jókòó pọ̀. Olùkọ́ wà ní Nsukka pẹ̀lú ìwé rẹ̀, alágbẹ̀dẹ wà ní ìsọ̀ pẹ̀lú ẹwìrì rẹ̀. Ìpọ́njú ni ó tì wọ́n sínú yàrá kan, ọdún 3 péré sì ni wọ́n fi ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò pé ó ṣeé ṣe. Lẹ́yìn ogun, ìjọba ìpínlẹ̀ ìgbà náà dá ilé-iṣẹ́ PRODA sílẹ̀ ní Enugu ní 1971, Gordian Ezekwe tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú iṣẹ́ náà nígbà ogun sì darí rẹ̀. Èyí dára. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe tú ká, oníkálukú sì padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ pẹ̀lú ohun tí ó mọ̀ ní ikùn rẹ̀. Ṣé ogun ni a óò máa dúró dè kí ọ̀mọ̀wé àti oníṣẹ́ ọwọ́ tó jókòó sí ibi kan?

Ní ti Nnewi, tí kò jìnnà sí Onitsha, ẹ̀yin tí ẹ ń tún ọkọ̀ ṣe mọ orúkọ náà dáadáa nítorí ẹ̀yà ara ọkọ̀. Àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ń kó ẹ̀yà ara ọkọ̀ wọlé láti òkè òkun; nígbà tí ó yá, àwọn kan nínú wọn kọ́ bí a ti ń ṣe é, wọ́n sì dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ Yorùbá kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Banji Oyelaran-Oyeyinka, ni ó kọ̀wé nípa wọn ní 1997 kí ayé lè mọ̀. Ní 2010 ni ilé-iṣẹ́ tí ń to ọkọ̀ Innoson ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. A kò ní í fa èyí gùn, nítorí ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá kọ́ ni a ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ nípa ara wa nísinsin yìí. Àwa Yorùbá ní àìsàn kan, kì í sì í ṣe àwa nìkan ni ó ń ṣe: awo ṣíṣe. Ọ̀gá mọ nǹkan 10, ó kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní 7, ó sì gbé 3 tí ó kù lọ sí sàréè. Ọ̀pọ̀ wa ni ó gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ó tọ́, pé ọmọ iṣẹ́ tí ó bá mọ gbogbo rẹ̀ tán yóò kọ́ ìsọ̀ tirẹ̀ sí ọ̀kánkán ọ̀gá rẹ̀. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí awo ti jẹ wá ní gbèsè. Ní 1938 ni wọ́n ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀, tí wọ́n fi kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń wò títí di òní. Ní àkókò náà gan-an ni ọkùnrin kan ní Igbo-Ukwu, tí ó ń gbẹ́ kòtò omi sí àgbàlá rẹ̀, fi kan àwọn ohun èlò idẹ tí àwọn onímọ̀ ní ó ti wà láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Thurstan Shaw ni ó wá walẹ̀ wọn dáadáa láti 1959. Ní ìlú méjèèjì, kò sí ẹnì kan tí ó lè dìde kí ó wí pé, bàbá ńlá mi ni ó ṣe é, báyìí ni ó sì ṣe yọ́ idẹ rẹ̀. Àyè tí a fi sílẹ̀ yìí ni Leo Frobenius, ará Jámánì tí ó dé Ifẹ̀ ní 1910, gbà wọlé tí ó fi sọ pé àwọn ará Atlantis ni ó ṣe iṣẹ́ ọnà tí òun rí níbẹ̀. Atlantis! Ìlú tí ẹnikẹ́ni kò dé rí! Ẹni tí kò bá kọ bí ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, àlejò yóò kọ ọ́ fún un.

Kì í sì í ṣe gbogbo àgbà wa ni ó ti ilẹ̀kùn. Ayọ̀délé Awójọbí, tí a bí ní Ọ̀ṣọ́dì ní 1937, tí ó sì kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ ní Zaria níbí kí ó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, mú ọkọ̀ ilé ara rẹ̀, Opel Olympia Rekord kan tí ìdarí rẹ̀ wà ní apá ọ̀tún, ó sì gbé ìdarí náà sí apá òsì. (Ẹ̀yin àgbà yóò rántí pé 1972 ni a yí ẹ̀gbẹ́ ìwakọ̀ padà ní Nàìjíríà, àti bí ẹ̀rù ti ba gbogbo wa ní ọjọ́ kìíní.) Ó tún mú ọkọ̀ jíìpù ológun kan, ó fi ìdarí kejì sí i, ọkọ̀ náà sì lè máa sáré lọ síwájú tàbí sẹ́yìn bákan náà láìyí padà, Autonov 1 ni ó pè é. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí girisi ba òun lẹ́rù. Ó kú ní 1984, ẹni ọdún 47 péré.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ọ̀dọ̀ àwọn ará gúúsù nìkan ni irú ọgbọ́n yìí ń gbé, kí ó yí ojú sí ìlú tí ó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jigawa, tí a bí sínú ilé amọ̀kòkò, wo àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ti ń da tòmátò àti ẹ̀fọ́ nù nítorí ooru. Kò sí iná ní abúlé wọn, ẹ̀rọ amúǹkantutù kò sì lè wúlò fún wọn. Ó mú ìkòkò amọ̀ ńlá kan, ó gbé ìkòkò kékeré sínú rẹ̀, ó da yanrìn tútù sí àárín méjèèjì, ó sì fi aṣọ tútù bo ojú rẹ̀. Bí omi inú yanrìn ti ń fà gba ara ìkòkò ìta lọ sínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ, bẹ́ẹ̀ ni ó ń mú ooru inú jáde. Ìgbá tí kì í ju ọjọ́ 3 lọ kó tó bàjẹ́ pé ọjọ́ 27 nínú rẹ̀. Tòmátò àti ata lo ọ̀sẹ̀ 3. Ẹ̀yin ará wa, àmù ìyá wa àgbà ni èyí! Gbogbo wa ni a ti mu omi tútù nínú àmù, tí a sì mọ̀ pé ara rẹ̀ máa ń làágùn. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni pé ó bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí omi fi ń tutù, ó sì fi ìdáhùn náà wúlò fún tòmátò. Ó fún àwọn ará abúlé ní àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ó kọ́ àwọn amọ̀kòkò láti máa mọ ọ́n, kò sì sọ ọ́ di awo. Ní 2000 ni ó gba ẹ̀bùn Rolex ní òkè òkun nítorí rẹ̀. Ó ti kú láti 2010, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ lè mọ irú ìkòkò náà lónìí, nítorí pé a mọ bí ó ṣe ṣe é. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tí ń la ètè wa níbí gan-an ni ó sì dára fún un jù lọ; kò lè ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Èkó níbi tí afẹ́fẹ́ ti rin.

Ní Kano ní 2007, Mubarak Muhammad Abdullahi, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Bayero tí ó jẹ́ ẹni ọdún 24, fi ẹ́ńjìnnì Honda Civic àti irin àlòkù ṣe hẹlikọ́pítà. Kò gòkè ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ. Àwọn kan fi rẹ́rìn-ín. Àwa kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a bi ara wa léèrè pé, bí ó bá jẹ́ pé ó rí ẹni tí ó mọ̀ nípa ọkọ̀ òfurufú dúró tì í láti oṣù kìíní, ẹsẹ̀ bàtà mélòó ni ìbá gòkè?

Àǹfààní tí ó wà nínú kí a fi iṣẹ́ han ara wa nìyí, kì í sì í ṣe kí a lè gba ìyìn nìkan. Ní 2009 ní Accra ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ àpèjọ kan tí a ń pè ní Maker Faire Africa, níbi tí àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ nínú ilé ti ń kó o wá hàn. Ní oṣù kọkànlá 2012 ni ó dé Èkó. Àwọn ọmọbìnrin Yorùbá 4, tí èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn jẹ́ ọdún 15, gbé jẹnẹrétọ̀ kan wá tí wọ́n ní ìtọ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ fún, lítà kan fún wákàtí 6. Ìròyìn náà kárí ayé. Kò pẹ́ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi dá a padà pé iná tí a ó fi ya gáàsì kúrò lára ìtọ̀ náà pọ̀ ju iná tí gáàsì náà yóò mú wá lọ. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀: nínú ìgbà díẹ̀, àwọn ọmọ ọdún 14 rí àwọn ọ̀mọ̀wé àgbáyé tí ó yẹ iṣẹ́ wọn wò, tí wọ́n sì fi ibi tí ìṣirò ti wọ́ hàn wọ́n. Bí wọ́n bá fi í pamọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, wọn ìbá ti lo ọdún 20 lórí rẹ̀. A mọ ẹnì kan tí ó ti ń ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa yí fúnra rẹ̀ láìjẹ epo láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú. Irun ti funfun báyìí, ẹ̀rọ kò tíì yí.

A mọ ohun tí àwọn tí ó fẹ́ yá yàrá náà ń sọ, a kò sì fi ojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Wọ́n ní owó alálùbọ́sà yóò ràn wá lọ́wọ́ láti gbé òkú ẹni tí ó bá kú sí àjò padà sílé. Òtítọ́ ni, ẹni tí ó bá ti rí òkú tí ó dúró ní mọ́ṣúárì fún ọ̀sẹ̀ 2 nítorí owó ọkọ̀ kò ní í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ pé òkú nìkan ni ó ń rò, kí ni yóò jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wá sí ìpàdé rẹ̀? Ẹ ka orí àwọn tí kò tíì pé ọdún 30 ní ìpàdé tí ó kọjá. Àwa kà á. Wọn kò kún ìka ọwọ́ kan.

Ohun kan sì tún wà tí àwa àtìpó kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Ghana fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ní ọ̀sẹ̀ 2 péré láti kúrò nílùú. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà àti Èjìgbò wà lára àwọn tí ó fi ilé àti ìsọ̀ sílẹ̀, àwọn kan nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí sì jẹ́ ọmọ wọn. Ọjà tí ó wà ní ìsọ̀ kò lè bá wọn gòkè lọ́rì. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ gbé iṣẹ́ rẹ̀ wálé, láàárín oṣù díẹ̀ ó ti gbé tábìlì síta, ó ti ń tún aago ṣe, ó ti ń jó irin. Ní 1966, nígbà tí àwọn Igbo sá kúrò ní Òkè Ọya yìí nínú ẹ̀jẹ̀ àti omijé, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí. Ilé tí wọ́n kọ́ dúró síbí. Ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n ṣe bá wọn sọdá odò. A kò gbàdúrà ibi, a sì ń bá àwọn onílé wa gbé ní àlàáfíà, ṣùgbọ́n bàbá tí ó bá fẹ́ fi ogún sílẹ̀ fún ọmọ ní ilé àjèjì, èwo ni kí ó fi sílẹ̀ ṣáájú?

Ní ti ìbẹ̀rù iná àti jàm̀bá, àwọn tí ó sọ ọ́ ní ẹ̀tọ́, a sì bá wọn gbà á láìjiyàn. Kí a má ṣe gbé epo bẹntiróò wọ yàrá náà rárá. Kí jíjó irin máa wáyé ní ìta gbangba. Kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ iná nínú wa to wáyà ibẹ̀ tuntun, kí ó sì fi ohun tí ń já iná pa sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí ọwọ́ gbogbo ènìyàn yóò tó o. Kí ọmọdé má ṣe wọ ibẹ̀ bí àgbà kan kò bá sí ní ìjókòó, kí a sì kọ orúkọ àgbà náà sára ògiri, kí a lè mọ ẹni tí a ó mú.

Ẹnìkan tún bèèrè pé, ṣé ọmọ Yorùbá nìkan ni yóò máa wọ ibẹ̀? Ìdáhùn tiwa ni pé rárá. Ọmọ Hausa tí ó mọ bí a ti ń tún ẹ̀rọ omi ṣe, ọmọ Igbo tí ó mọ bátìrì sòlà, ọmọ Tiv tí ó mọ igi, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé, kí wọ́n fi tiwọn hàn, kí wọ́n sì wo tiwa. Ìgbìmọ̀ ni yóò mú kọ́kọ́rọ́ dání. Kí àwọn ọmọbìnrin sì wọlé pẹ̀lú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rán wọn lọ ra omi tútù wá nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn.

Ohun tí ó wà lọ́kàn wa jù lọ ni ìwé kan tí yóò wà lórí tábìlì níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé ohun tí ó ṣe wá, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé náà ní èdè Yorùbá tàbí èdè tí ó bá gbọ́: ohun tí ó lò, ìwọ̀n rẹ̀, iye tí ó ná an, ibi tí ó ti kọ́kọ́ bàjẹ́, àti bí ó ti tún un ṣe. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kọ, kí ọmọ kan kọ ọ́ fún un bí ó ti ń sọ. Àwọn ọ̀gá tí ẹ̀rù ń bà pé a óò jí iṣẹ́ wọn, a kò fi ipá mú wọn. Kí wọ́n fi èyí tí wọ́n bá fẹ́ hàn, kí wọ́n sì pa ìyókù mọ́ títí ọkàn wọn yóò fi rọ̀. A ó sì máa tẹ ìdá kan nínú ìwé náà jáde nínú ìwé ìròyìn yìí, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó ṣe é, kí àwọn ará wa ní ẹ̀ka mìíràn lè rí i.

A dámọ̀ràn pé kí a fi ọdún kan dán an wò. Bí ọdún náà bá pé, tí yàrá náà sì ṣófo, kí a yá a fún alálùbọ́sà, àwa náà yóò sì bá a kó àpò rẹ̀ wọlé. Bàbá rélùwéè ti ní òun yóò mú ẹ̀rọ ata rẹ̀ wá sí ìpàdé tí ń bọ̀, kí gbogbo ènìyàn lè gùn ún wò. Ẹni tí ó bá ní fáìsì àlòkù, ẹ̀mú, òòlù tàbí ayùn tí kò lò mọ́, kí ó fi lé akọ̀wé lọ́wọ́ kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ̀yin tí ẹ kò sì fara mọ́ ọ̀rọ̀ wa, ẹ kọ tiyín ránṣẹ́. A ó fún yín ní ojú ewé kan gbáko, a kò sì ní í gé e.